Bẹ́ Ẹ Ṣe Lè Fi Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Kó Òyìnbó Jọ Tẹ́ Ẹ Bá Ti Kúrò Ní Ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kúrò ní "good morning" àti "my name is", tẹ́ ẹ lè bèèrè nǹkan lọ́wọ́ èèyàn kó sì yé e, àmọ́ tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ṣí ìwé ìròyìn òyìnbó báyìí ìlà méjì àkọ́kọ́ á yé yín, ìlà kẹta á dà bíi pé wọ́n pa iná, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àti ẹ̀yin tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan, gbogbo ohun tó dáa ló ń jẹ́ good, gbogbo ohun tí ò dáa ló ń jẹ́ bad, tó bá wá dáa gan-an ẹ ó fi very kún un. Gírámà yín lè má burú rárá o. Ọ̀rọ̀ ni ò tíì tó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe tí wọ́n bá dé ibí yìí ni pé wọ́n á lọ wá list ọ̀rọ̀ 1000 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òyìnbó lápá òsì, Yorùbá lápá ọ̀tún, wọ́n á wá máa há a sórí. Kò ní pẹ́ tó máa sú wọn. Èyí tí wọ́n tiẹ̀ há, tí wọ́n bá fẹ́ lò ó lẹ́nu ó máa ń jáde lódì, torí pé ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo ò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ní òyìnbó kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ti Yorùbá mu rẹ́gí. Èmi gbà pé ẹni tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún lóòjọ́, àmọ́ tó mọ ibi tí ìtumọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, máa jìnnà sí ẹni tó ń há àádọ́ta. Bí mo ṣe rò pé kẹ́ ẹ ṣe é rèé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tẹ́ ẹ dé

Lọ́dún 2001, Council of Europe gbé ìwọ̀n kan jáde fún èdè kíkọ́ tó jẹ́ pé ibi púpọ̀ láyé ni wọ́n ti ń lò ó báyìí. A1 àti A2 ni ìbẹ̀rẹ̀, B1 àti B2 ni àárín, C1 àti C2 ni tàwọn tó ti jinlẹ̀. Àárín yẹn là ń sọ yìí. Tó bá wá jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan là ń wò, látọdún 1953 ni ọ̀gbẹ́ni Michael West ti ṣe list nǹkan bí 2000 ọ̀rọ̀ tó wúlò jù fún ẹni tó ń kọ́ òyìnbó, irú àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo èyí tó kù dúró lé lórí, tí wọn ò bá tíì dá yín lójú ẹ má tíì máa lé ọ̀rọ̀ ńláńlá kiri. Oxford náà ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní Oxford 3000, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ A1 títí dé B2 sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, Oxford 5000 wá fi ọ̀rọ̀ B2 àti C1 tó jẹ́ 2000 kún un. Ẹ lè fojú wo list yẹn láti mọ ibi tẹ́ ẹ kù sí. Ẹ má ṣáà bẹ̀rẹ̀ sí í há a láti A dé Z.

Ọ̀nà míì wà tó yá láti fi mọ̀. Ẹ mú ìwé èyíkéyìí, ẹ ka 100 ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ẹ fàlà sábẹ́ gbogbo èyí tẹ́ ò mọ̀. Àwọn tó ti ṣèwádìí lórí ẹ̀, Paul Nation wà lára wọn, rí i pé èèyàn ní láti mọ nǹkan bí 98 nínú 100 kó tó lè gbádùn ìwé náà láìsí pé ẹnì kan ń ràn án lọ́wọ́. Torí náà tó bá jẹ́ méjì lẹ fàlà sí, ẹ máa kà á lọ, ìwé ìgbádùn yín nìyẹn. Tó bá jẹ́ bíi márùn-ún, ìwé tẹ́ ẹ fi máa kọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Tó bá ti lé ní mẹ́wàá, ẹ gbé e sílẹ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ wo lẹ máa mú?

Ẹ ò lè kọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ò mọ̀, ẹ má sì gbìyànjú ẹ̀. Irú méjì ni mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n mú. Ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ti pàdé níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì, torí ìyẹn fi hàn pé ẹ ṣì máa pàdé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìkejì ni ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ wá lẹ́nu yín tẹ́ ò rí nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ sọ nǹkan. Èyí ló dùn-ún kọ́ jù, ẹ ti ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe kó tó dé. Ẹ máa kọ ọ́ sínú fóònù ní Yorùbá lójú ẹsẹ̀, bíi "ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ó já mi kulẹ̀", tẹ́ ẹ bá délé ẹ ó wá a kàn, ẹ ó rí disappointed. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ní kúrò lórí yín bọ̀rọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ bíi pulchritude tẹ́nì kan gbé jáde torí kí wọ́n lè mọ̀ pé òun kàwé, ẹ fi sílẹ̀ jàre, beauty ti ṣe iṣẹ́ yẹn tán.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fura sí ni pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tuntun ní àárín yìí, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni wọ́n. Ẹ ti mọ address, ibi téèyàn ń gbé. Ẹ wá rí "The committee will address the problem next week", ọ̀rọ̀ kan ò le níbẹ̀, síbẹ̀ kò yé yín, torí pé address ibẹ̀ yẹn, kéèyàn kojú ìṣòro kó wá nǹkan ṣe sí i ni. Wọ́n tún lè ní "He addressed the crowd", ìyẹn ó bá èrò sọ̀rọ̀. Run náà ńkọ́? Ẹ mọ̀ ọ́n sí sáré. Àmọ́ "she runs a company" ni pé òun ló ń darí ilé iṣẹ́ náà, "we ran out of water" ni pé omi tán lọ́wọ́ wa, "my nose is running" ni pé ikun ń dà nímú mi. Tẹ́ ẹ bá ń kàwé tí gbólóhùn kan ò yé yín tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sì dà bí èyí tẹ́ ẹ mọ̀, ọ̀kan nínú wọn ti gbé ìtumọ̀ míì wọ̀, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn lẹ máa lọ wò, ọ̀pọ̀ ìgbà ni get, set, take, mean, still, even, fair wà nídìí ẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ka ìtumọ̀

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Tẹ́ ẹ bá pàdé ọ̀rọ̀ tuntun ẹ má kánjú sí dikíṣọ́nárì, ẹ ka gbólóhùn yẹn tán, ẹ ka èyí tó ṣáájú ẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ wá bi ara yín, ṣé orúkọ nǹkan ni, àbí ohun tẹ́nì kan ṣe, àbí ó ń sọ bí nǹkan ṣe rí? Ṣé ohun tó dáa ló ń sọ àbí èyí tí ò dáa? Ẹ fojú bu ìtumọ̀ ẹ̀, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rò sílẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ máa wá ṣí dikíṣọ́nárì. Tẹ́ ò bá tiẹ̀ gbà á, ọpọlọ yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn kiri, ohun téèyàn sì fúnra ẹ̀ wá kiri kì í tètè gbàgbé ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan: "She was reluctant to sign the paper, but in the end she did." Reluctant ni ò yé wa. "But in the end she did" ti sọ fún wa pé ó padà fọwọ́ sí i. Torí náà kì í ṣe pé ó kọ̀, ẹni tó kọ̀ ò ní fọwọ́ sí i. Àmọ́ but tó wà níbẹ̀ fi hàn pé níbẹ̀rẹ̀ kò wù ú. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán nìyẹn, ẹni tó ń fà sẹ́yìn, tí ọkàn ẹ̀ ò fẹ́, bóyá ó ṣì máa ṣe é. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn kọ "reluctant = kọ̀" sínú ìwé yín, ẹ ti sọ ìdajì ìtumọ̀ yẹn nù, tó bá sì di ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ sọ pé ẹnì kan kọ̀ jálẹ̀, ẹ ó lo reluctant, èèyàn á wá máa dúró pé onítọ̀hún ṣì lè gbà, nígbà tó jẹ́ pé refuse lẹ ní lọ́kàn.

Irú dikíṣọ́nárì tẹ́ ẹ máa lò ṣe pàtàkì. Èyí tí wọ́n ṣe fáwọn tó ni èdè náà lè fi ọ̀rọ̀ tó le ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó rọrùn. Ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń kọ́ òyìnbó. Longman gbé tiwọn jáde lọ́dún 1978, nǹkan bí 2000 ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ péré ni wọ́n fi ṣàlàyé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. COBUILD tó jáde ní 1987 láti University of Birmingham máa ń fi odidi gbólóhùn ṣàlàyé, èyí tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ ṣe ń ka ìtumọ̀ lẹ ń rí bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà. Oxford àti Cambridge náà dáa. Ẹ lè rí gbogbo wọn lò lórí fóònù láìsan kọ́bọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti ṣí i, ẹ má dúró sórí ìtumọ̀ nọ́ńbà kìíní, ẹ máa bọ̀ nísàlẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi máa rí èyí tó wọ inú gbólóhùn yín. Ẹ ka àwọn àpẹẹrẹ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe ń ka ìtumọ̀ fúnra ẹ̀ lọ.

Ẹ má wá jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lé Yorùbá kúrò lórí. Yorùbá yín wúlò gan-an, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé gbólóhùn ni ẹ fi túmọ̀, tí ẹ ò sọ pé dandan ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan.

Ibi tí Yorùbá àti òyìnbó ò ti pàdé

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ síbí, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe wa ti ń wá jù. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ẹyọ kan la ní, àwọn òyìnbó pín in sí méjì mẹ́ta. Ó yá mi lówó, mo yá owó lọ́wọ́ ẹ̀, yá kan náà ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó fúnni ni lend, ẹni tó gbà ni borrow. Mò ń kọ́ òyìnbó, ó ń kọ́ mi ní òyìnbó: learn ni àkọ́kọ́, teach ni ìkejì. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀, mo gbọ́ ohun tó ní lọ́kàn, mo gbọ́ òórùn: hear, understand, smell.

Èyí tó gba àròjinlẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ inú àti ojú. Ojú ń tì mí. Kí lẹ fẹ́ pè é? Tó bá jẹ́ pé bí Ọlọ́run ṣe dá yín nìyẹn, pé ẹ kì í lè sọ̀rọ̀ níwájú àlejò, shy ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣe ohun tí ò dáa tí ẹ̀rí ọkàn ń dá yín lẹ́bi, ashamed ni, "she was ashamed of lying". Tó bá wá jẹ́ ohun kékeré tó ṣẹlẹ̀ níṣojú èèyàn, bíi kẹ́ ẹ gbàgbé orúkọ ẹni tó ń kí yín, embarrassed ni. Ẹni tó bá sọ pé òun ashamed torí pé òun gbàgbé orúkọ, ó ti sọ nǹkan náà di ẹ̀ṣẹ̀. Bákan náà ni inú ń bí mi: annoyed ni tó bá jẹ́ pé nǹkan kàn ń yọ yín lẹ́nu díẹ̀, angry ló wà láàárín, furious ni tínú bá ń ru gùdù. Inú mi ò dùn sì lè jẹ́ sad, ó lè jẹ́ upset, ó lè jẹ́ disappointed tó bá jẹ́ pé ẹ ti ń retí nǹkan tí ò wá rí bẹ́ẹ̀.

Òdìkejì ẹ̀ náà wà, níbi tó jẹ́ pé àwa la pín in tí tiwọn jẹ́ ẹyọ kan. A ń gbé àpótí, a ń ru ẹrù, a ń pọn ọmọ, carry ni gbogbo ẹ̀. A ń wọ aṣọ, a ń dé fìlà, a ń lo gíláàsì sójú, wear ni wọ́n ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A ń gbá bọ́ọ̀lù, a ń lu ìlù, a ń fọn fèrè, play ni. Irú èyí rọrùn fún wa, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ má bàa máa wá verb tuntun níbi tí kò ti sí. Tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ ara yín: ṣé ibi tí Yorùbá ti fẹ̀ ju òyìnbó lọ nìyí, àbí ibi tí òyìnbó ti fẹ̀ ju Yorùbá lọ?

Ọ̀rọ̀ àti àwọn tó ń bá a rìn

Onímọ̀ èdè kan tó ń jẹ́ J. R. Firth sọ lọ́dún 1957 pé àwọn ọ̀rọ̀ tó ń bá ọ̀rọ̀ kan rìn la fi ń mọ̀ ọ́n. Àwa náà ń ṣe é. A máa ń pa irọ́, a máa ń pa òwe, a máa ń pa àlọ́, ẹni tó bá ní òun fẹ́ "ṣe àlọ́" fún yín, ẹ máa gbọ́ ohun tó ń sọ àmọ́ ẹ máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àlejò ni nínú èdè náà. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwọn náà nìyẹn. Wọ́n ń make a mistake, make a decision, wọ́n ń do homework, wọ́n ń take a risk, pay attention, commit a crime. Òjò wọn heavy, atẹ́gùn wọn strong. Kò sí ìdí kan tẹ́ ẹ lè fi làákàyè wá rí pé kí nìdí tí kò fi jẹ́ "strong rain", bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ náà nìyẹn. Torí pé "ṣe" wa ń ṣiṣẹ́ púpọ̀, a máa ń fẹ́ fi do sí gbogbo ibi. Oògùn ẹ̀ ò ju pé tẹ́ ẹ bá ń kọ decision sínú ìwé, kẹ́ ẹ kọ make mọ́ ọn lára, kó jẹ́ pé wọ́n jọ wọ orí yín lẹ́ẹ̀kan náà ni. Put off, give up, look into, put up with, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ka ìkọ̀ọ̀kan sí, ẹ má tú u palẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá tú give up palẹ̀ ẹ ò ní rí "jáwọ́" nínú ẹ̀.

Ìwúwo ọ̀rọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Slim, thin àti skinny, gbogbo wọn ni ara tí ò sanra. Slim ni ẹni tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, oríyìn ni. Thin kàn ń sọ bó ṣe rí. Skinny ti lọ sápá ẹni tó rù, inú èèyàn lè má dùn sí i. Stubborn ni olóríkunkun, determined ni ẹni tó pinnu tí kì í yẹsẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan náà lẹni méjì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Cheap lè jẹ́ pé owó ẹ̀ ò pọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó yẹpẹrẹ.

Òmíràn jẹ́ ti ilé, òmíràn jẹ́ ti ọ́fíìsì. Ìtàn ló fà á. Lọ́dún 1066 ni William àtàwọn èèyàn ẹ̀ láti Normandy tó wà ní ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ England, Faransé wá di èdè ààfin àti ti kóòtù fún ọjọ́ pípẹ́, àwọn mẹ̀kúnnù ń sọ tiwọn lọ. Èdè méjèèjì wá dà pọ̀, ọ̀rọ̀ wọn ò kúrò, ìyẹn ni òyìnbó ṣe ní begin àti commence, buy àti purchase, enough àti sufficient. Èyí tó kúrú yẹn ni tinú ilé, èyí tó gùn ni ti lẹ́tà àti ti ìwé òfin. Nígbà míì, ọ̀kan látinú Látìn á tún fi ara ẹ̀ ṣe ẹ̀kẹta: ask, question, interrogate. Ask ni ìbéèrè lásán, question ti le díẹ̀, interrogate ni tàwọn ọlọ́pàá. Tẹ́ ẹ bá ń bá ọ̀rẹ́ yín sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ "commence eating", kò burú ní gírámà, àmọ́ etí á kọ ọ́. Ẹ máa wo bóyá dikíṣọ́nárì kọ formal tàbí informal sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ má fò ó.

Mọ̀lẹ́bí ọ̀rọ̀

Tẹ́ ẹ bá ti mọ decide, ẹ gba decision, decisive àti undecided mọ́ ọn. Reluctant ní reluctance àti reluctantly. Owó ọ̀rọ̀ kan lẹ san, ẹ gbé mẹ́ta lọ sílé. Apá iwájú bíi un-, dis-, mis-, re-, over- àti apá ẹ̀yìn bíi -less, -ful, -able, -ness, -ment ò pọ̀, ẹ lè kọ́ ogún tó wúlò jù nínú wọn láàárín oṣù kan.

Àwọn kan máa ń ṣe wàhálà lórí kí nìdí tó fi jẹ́ impossible, illegal, irregular, kí ló dé tí gbogbo ẹ̀ ò kàn jẹ́ in-? In- ni gbogbo wọn. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ló ń yí i padà kó lè rọ ẹnu lọ́rùn. Ẹ má sọ pé ó ṣòro, ẹ ti ń ṣe é láti kékeré: oní àti agbára di alágbára, oní àti owó di olówó, oní àti ọjà di ọlọ́jà, oní àti ẹran di ẹlẹ́ran. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ yín, etí yín ló kọ́ yín.

Àwọn gbòǹgbò tó wá láti inú Látìn náà dáa láti mọ̀. Port ní í ṣe pẹ̀lú gbígbé, ẹ wo import, export, transport, portable. Spect jẹ mọ́ wíwò, ẹ wo inspect, spectator. Dict jẹ mọ́ sísọ, ẹ wo predict, contradict. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n jẹ́ láti fi fojú bu ìtumọ̀, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí. Invaluable ò túmọ̀ sí pé nǹkan ò níye lórí, ó níye lórí débi pé a ò lè díye lé e. Inflammable àti flammable, ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní, méjèèjì lè gbiná, ẹni tó bá ṣi èyí mú lè dáná sun ara ẹ̀.

Ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe ń pè é pẹ̀lú. Bí igba, igbá àti ìgbà ṣe yàtọ̀ lọ́dọ̀ wa nípa ohùn, REcord tí wọ́n tẹ níwájú jẹ́ orúkọ nǹkan, reCORD tí wọ́n tẹ lẹ́yìn jẹ́ ohun téèyàn ń ṣe. Photograph, wọ́n tẹ apá àkọ́kọ́, photography, ó bọ́ sí apá kejì. Àwòrán spíkà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ nínú dikíṣọ́nárì orí fóònù, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ sọ ọ́ tẹ̀ lé e.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ sílẹ̀

Ìwé tàbí fóònù, èyí tó bá wù yín. Ohun tí mo fẹ́ kó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni gbólóhùn tẹ́ ẹ ti rí i, ìtumọ̀ ẹ̀ ní òyìnbó tó rọrùn tẹ́ ẹ fúnra yín kọ, Yorùbá tó bá gbólóhùn yẹn mu, ọ̀rọ̀ méjì tó ń bá a rìn, mọ̀lẹ́bí ẹ̀, àti gbólóhùn kan tó jẹ́ òtítọ́ nípa ayé yín. Bí ti reluctant á ṣe rí nìyí: "She was reluctant to sign the paper." Not wanting to do something, but maybe you will do it. Ó ń fà sẹ́yìn, ọkàn ẹ̀ ò fẹ́. Reluctant to agree, reluctant to admit. Reluctance, reluctantly. Ìkẹyìn wá ni "I am reluctant to speak in meetings", tó bá jẹ́ pé òótọ́ nìyẹn. Ẹ má kọ gbólóhùn tí ò kàn yín. Èyí tó bá kan ọ̀rọ̀ ara yín ló máa ń dúró.

Márùn-ún tàbí méje lóòjọ́ ti tó. Ẹ má sì kọ́ ọ̀rọ̀ tó jọra wọn tàbí tó jẹ́ òdìkejì ara wọn lọ́jọ́ kan náà, ó máa ń dàrú mọ́ni lórí ni. Tó bá jẹ́ pé borrow ni ti òní, ẹ jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó mú lend wá bá a. Àwọn slim àti skinny tí mo tò pọ̀ lókè yẹn, ìgbà tẹ́ ẹ bá ti mọ ọ̀kan tán ni kẹ́ ẹ wá fi èkejì wé e.

Kó má baà lọ

Hermann Ebbinghaus ọmọ ilẹ̀ Jámánì lo ara ẹ̀ ṣèwádìí nípa ìgbàgbé, ó gbé e jáde ní 1885. Ó rí i pé ohun téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, kíákíá ni púpọ̀ nínú ẹ̀ máa ń lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó bá kù á wá máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ló ṣe yẹ kẹ́ ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ tún padà lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù kan. Sebastian Leitner ló jẹ́ kí ọ̀nà káàdì àti àpótí gbajúmọ̀ ní àwọn ọdún 1970: ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí ojú kan káàdì, ìtumọ̀ sí ẹ̀yìn ẹ̀, èyí tẹ́ ẹ bá gbà máa lọ sí àpótí iwájú tẹ́ ẹ máa pẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣí, èyí tẹ́ ò bá gbà máa padà sí àpótí àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ fóònù lẹ fẹ́, Anki, áàpù káàdì kan tó jáde ní 2006, máa ń bá yín ṣírò ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má kàn máa wò ó o. Ojú á máa tan yín pé ẹ ti mọ̀ ọ́n torí pé ẹ rí i. Ẹ bo ìtumọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fẹnu sọ ọ́ jáde, kẹ́ ẹ tó ṣí i. Ẹ tún yí i padà, ẹ wo Yorùbá kẹ́ ẹ wá òyìnbó ẹ̀, ìyẹn le jù, òun ló sì ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu nígbà téèyàn bá nílò ẹ̀.

Kíkà ló máa ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ẹ yan ọ̀rọ̀ kan tó wù yín, ìlera ni o, eré ìdárayá ni o, ọkọ̀ ni o, kó jẹ́ òun nìkan lẹ máa kà tẹ́ ẹ máa wo fídíò ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn ọ̀rọ̀ kan náà á máa padà wá láìjẹ́ pé ẹ lọ pè wọ́n. Ẹni tó ń ka nǹkan mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́sẹ̀ kan kì í rí èyí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa kọ nǹkan, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí very. Ẹ kọ ìlà márùn-ún nípa ọjọ́ yín, ẹ wá gbogbo very inú ẹ̀. Very tired di exhausted, very big di huge, very angry di furious, very important lè di essential. Ẹ kíyè sí i pé tẹ́ ẹ bá ti lo exhausted, very ò tún gbọ́dọ̀ dé iwájú ẹ̀ mọ́, absolutely ni wọ́n máa ń fi kún irú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan máa wà tí ò ní dúró bó ti wù kẹ́ ẹ ṣe é tó. Ẹ ti kọ ọ́, ẹ ti lò ó, ẹ ti ṣí káàdì ẹ̀ títí ó ti sú yín, síbẹ̀ kò wọlé. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó wúlò, ẹ ṣì máa pàdé ẹ̀ nínú gbólóhùn míì tó máa là á yé yín ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tún kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn tuntun yẹn, kì í ṣe ti àtijọ́.